A Ò Sin Yín ní Ìjókòó

Bàbá mi, ẹni tí àga rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀,

Irọ́ ni. A ò sin yín ní ìjókòó. Ẹ̀yin fúnra yín ò lè mọ̀, torí ojú yín ti pa dé nígbà náà, nítorí náà bí àwọn tó ń dé bá yín lọ́hùn-ún bá ń sọ ọ́, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Èmi wà nínú sàréè. Èmi àti Ọ̀gá Sálíù ọ̀rẹ́ yín la wọ inú rẹ̀ láti gbà yín sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la fi yín lé, ojú yín kọ sí Gábàsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún Mùsùlùmí yòówù.

Ohun tí wọ́n ń sọ ní Arkilla, níbí ní Sokoto, ni pé oògùn ìjàkadì yín kò jẹ́ kí ẹ̀yìn yín gba ilẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn àáfà bá tẹ́ yín ni ẹ ń dìde jókòó, títí tí wọ́n fi lọ gbẹ́ sàréè bíi kànga. Ọ̀rọ̀ náà ti dé abúlé. Ìyá mi pè mí láti ibẹ̀, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni. Mo ní, Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà ti ń ya wèrè ni? Ẹ má bínú, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà.

Mo mọ ibi tí ìtàn náà ti wá. Ogún ọdún lẹ fi jà níbi tí wọ́n ti ń sanwó wò yín, wọn ò sì ká ẹ̀yìn yín mọ́ ilẹ̀ rí kí rẹfirí ka ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn-ò-kanlẹ̀ ni wọ́n kọ sára aṣọ yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fẹnu kò lórí àwọn ìjà kan kí ẹ tó wọlé, ẹni tó máa ṣubú àti ẹni tó máa borí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń ṣètò ìjà bẹ̀ yín títí pé kí ẹ ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ kọ̀. Nígbà tí ẹ wá kú sórí àga, tí àwọn tó wá wẹ̀ yín bá yín ní ìjókòó, kí ni ẹ fẹ́ kí aráyé sọ?

Ọ̀rọ̀ àga yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Lẹ́yìn Iléyá ni ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní ooru ni. Mo gbà, torí ooru Sokoto kì í ṣe kékeré. Ọyẹ́ dé, gbogbo wa ń wa aṣọ òtútù, ẹ̀yin ṣì wà lórí àga, ẹ kó ìrọ̀rí sẹ́yìn. Mo bi yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ẹ̀yìn tí géndé ò lè dá, ṣé fóòmù ló máa wá dá a?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo èrò tó bá wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi: bàbá mi ò gbà kí bẹ́ẹ̀dì dá òun.

Ẹsẹ̀ yín wú. Tí mo bá ń fi òróró pa á fún yín, màá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ á jìn, á sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Èmi a máa fi ṣeré. Ẹ̀yin náà á máa wò ó. Ẹ ní ẹran ara yín ló pọ̀ jù. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe eré yẹn, Bàbá.

Mi ò mọ nǹkan kan. Ilé ìwé abúlé tí ẹ fi mí sí kọ́ mi ní ìwé kíkọ àti ìṣirò, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń wú.

Lẹ́yìn tí a ti sin yín ni obìnrin kan là mí lójú. Ó wọ kẹ̀kẹ́ mi lẹ́bàá ọsibítù, ó ń lọ sí Arkilla. Dókítà ni, àgùnbánirọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó gbọ́ tí mò ń fi Yorùbá bú ọlọ́kadà kan tó fẹ́ gbá mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo sọ ìtàn yín fún un. Mo ní oṣù mẹ́rin gbáko ni bàbá mi fi sùn ní ìjókòó kí wọ́n tó kú, agbára yẹn pọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wọn wú?"

"Ó wú díẹ̀."

"Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, wọ́n máa ń wúkọ́?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ná."

Mo dúró. Ó ní kì í ṣe agbára. Ó ní, "Ọkàn wọn ló ti rẹ̀. Tí ọkàn ò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ dáadáa mọ́, omi á máa dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró. Téèyàn bá ti wá dùbúlẹ̀, á dà bí ẹni tó ń rì sómi. Ìdí tí bàbá yín fi ń jókòó nìyẹn." Ó bi mí bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní mi ò mọ̀, ẹ kì í lọ sí ọsibítù. Ó bi mí bóyá ẹ ń lo abẹ́rẹ́. Mo rántí àpò tí ẹ fi ń kó aṣọ ìjà. Mo rántí abẹ́rẹ́ tí ẹ ń gún sí itan kí ẹ tó wọlé, ọ̀kan fún ìrora, ọ̀kan tí ẹ ní ó ń mú kí iṣan yọ. Mo sọ fún un. Ó mi orí. Mo gbé e délé, mi ò sì gbé èrò míì lọ́jọ́ yẹn.

Mo padà sílé, mo lọ dúró níwájú fọ́tò tí ẹ gbé kọ́ ògiri. Mẹ́fà ni yín nínú rẹ̀, ẹ ká apá, ẹ fẹ àyà. Ọ̀kan ṣubú sí balùwẹ̀. Kídìnrín ló pa ọ̀kan. Ọ̀kan sùn, kò jí. Ọ̀kan ti gba ìkúùkù àti ìṣubú sórí débi pé kò dá orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ kó tó lọ. Ẹ̀yin ni ìkarùn-ún. Kò sí èyí tó pé àádọ́ta ọdún nínú yín. Ẹnì kan ló kù, Ọ̀gá Sálíù, ẹni tí ẹ bá jà jù lọ, tí ẹ tún jọ ń jẹun lẹ́yìn ìjà. Gbogbo wa la rò pé wọ́n ń fi àsàsí ṣe yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ kí Ọ̀gá Sálíù ní Kasarawa. Ẹní rẹ̀ wà ní kíká, ó dúró sí kọ̀rọ̀, aláǹtakùn ti ta okùn sí i lára. Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé, ìrọ̀rí mẹ́ta lórí rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò nílò kí n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì ti lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri pé Gàgàrà ń bọ̀ wá jà ní Kalambaina lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ rántí pé àwọn Hausa ló sọ ọ́ ní Gàgàrà, ẹni tí apá ò ká.

Mo bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n lọ máa wa kẹ̀kẹ́ mi. Mo padà lọ́jọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ rẹ̀ pé sí àgbàlá, géndé ni gbogbo wọn. Ẹ mọ̀ mí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ pọ́n lá.

"Ọ̀gá, ẹ dùbúlẹ̀."

"Níbo?"

"Níbí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Tí mo bá ka ọgọ́rùn-ún tí ẹ ò dìde, èmi ni màá fi kẹ̀kẹ́ gbé yín lọ Kalambaina. Tí ẹ bá dìde, ọsibítù la ń lọ."

"Haba! Ìwọ tí bàbá ẹ fi ọwọ́ òsì dá lójú gbogbo wa? Ìwọ lo fẹ́ kí n fẹ̀yìn kanlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ mi?"

Garba, tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ Hausa tó gbọ́ Yorùbá ju àwa lọ, pariwo: "Kai! Ẹ wá wò ó o, ẹni tí géndé ò dá, oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ fẹnu dá a!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà yín, ọ̀gá."

Ẹ̀rín dá. Ó sún mọ́ mi. Ó ní, "Wallahi, bí kì í bá ṣe tìtorí bàbá ẹ…"

"Bàbá mi ti kú. Orí àga bíi tiyín ni."

Ó nàka sí ilẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀." Mo dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ṣì gbóná. Garba wò wá, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní kí ọ̀gá wá sí àárín, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Òmíràn tún dùbúlẹ̀. Àwọn géndé tí wọ́n ti fi ìbúra sọ pé ẹ̀yìn àwọn ò ní kan ilẹ̀ láé bẹ̀rẹ̀ sí í nà gbalaja lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá wọn má bàa dá nìkan wà nílẹ̀. Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀. Ó di ẹnì keje, mo dákẹ́, torí Ọ̀gá Sálíù ti fẹ̀yìn lélẹ̀, iye tirẹ̀ ló yẹ kí n máa kà.

Nígbà tí mo dé mẹ́wàá, ó ní, "Yára kà á, oorun ń kùn mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ogún, ó wúkọ́. Ní ọgbọ̀n, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní méjìdínlógójì, ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó ń wá ohun tó máa dì mú. Ọrùn mi ló bà. Ó fi fa ara rẹ̀ jókòó, ó la ẹnu, ó ń mí. Nígbà tí ohùn padà sí i lẹ́nu, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Bàbá ẹ náà mọ̀."

Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ ń dá àpárá fóòmù yẹn? Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí mò ń fi ẹsẹ̀ yín ṣeré? Tí èmi tí mo lóríkunkun tó báyìí bá ní kí ẹ dùbúlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ṣé ẹ̀ bá dùbúlẹ̀? Àbí ẹ̀ bá nà mí ni? Ǹ bá gba nínà yẹn.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Garba ní láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó má bàa yí. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá. Dókítà ní ìjàkadì ti parí, abẹ́rẹ́ ti parí, iyọ̀ ti parí. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ò lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń lo oògùn, ó ṣì lè pẹ́. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ní Kalambaina. Ọ̀gá tó ń ṣètò ìjà ní olóríburúkú ni mí. Ọ̀gá Sálíù náà ń bú mi lójoojúmọ́. Ó ní mo ba òun láyé jẹ́, mo sọ òun di arúgbó tó ń tọ̀ kiri nítorí oògùn. Mo ní kó máa bú mi lọ, kó ṣáà lo oògùn. Ó ń lò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé Kasarawa lọ́sàn-án. Ẹní ti kúrò ní kọ̀rọ̀. Ó wà ní títẹ́, Ọ̀gá Sálíù wà lórí rẹ̀, ìrọ̀rí kan ṣoṣo, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ya ẹnu, ó ń hanrun. Mi ò jí i. Mo jókòó tì í títí ó fi jí, ó sì bú mi.

Ìtàn tuntun ti jáde báyìí. Wọ́n ní èmi ni mo dá Gàgàrà. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Tiyín nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe, torí ó kù díẹ̀ tí mi ò tíì sọ. Nígbà tí a tẹ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ara yín tóbi, ẹ fẹ́ yí padà. Àáfà ní kí n mú amọ̀ tì yín lẹ́yìn. Ọ̀gá Sálíù ń bù ú fún mi, èmi ń tò ó, láti èjìká títí dé ìbàdí, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó le. Nítorí náà, Bàbá, ẹ̀yìn yín kan ilẹ̀. Èmi ni mo gbé ilẹ̀ lọ bá a. Kò sí rẹfirí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kà.

Èmi ni, ọmọ yín olóríkunkun tó fẹ́ràn yín, tí ẹ fi ọwọ́ òsì dá, tó sì ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.