Ọmọ Tí Òfin Àjẹsára Ní Kí N Dá Padà Sílé

Ilé Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́,
Yàrá Méjì Ìsàlẹ̀,
Ilé Alájà Méjì tó kọjú sí Ilé Ìfọṣọ.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Òfin Àjẹsára Ọmọdé,
Ọ́fíìsì Ìlera Ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ỌMỌ ỌDÚN MẸ́RIN TÍ ÀÌSÀN KÒ JẸ́ KÓ GBA ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA, TÍ ÒFIN SÌ NÍ KÓ MÁ WỌLÉ

1. Èmi ni mo ni ilé ìtọ́jú ọmọ tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè yìí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà lọ́dọ̀ mi; èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, èyí tó dàgbà jù kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èmi kì í ṣe ọ̀tá àjẹsára. Kí òfin yín tó dé ni mo ti ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ọmọ wá. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìjà ni mo wá bá òfin jà. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín ni pé òfin náà dàrú mọ́ mi lójú. Mo ti ka ìwé náà títí etí rẹ̀ fi ká.

2. Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ náà. Ìyá Àgbà là ń pè é, nítorí pé òun ló ń parí ìjà fún àwọn yòókù. Bí ọmọ méjì bá ń du ohun ìṣeré, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti dá mi lágara o," wọ́n á sì dákẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òpin oṣù ló ń wálé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn dókítà rí i pé àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ó gba ìtọ́jú títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi re. Ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò tíì parí. Dókítà rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé a kò gbọdọ̀ tíì fún un ní abẹ́rẹ́ èèyi, nítorí ara rẹ̀ kò lágbára tó lè gbà á. Dókítà yìí kan náà ló ní kó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, bí àwọn tó yí i ká bá ti gba tiwọn.

3. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, alábẹ̀wò yín wá. Ó kí wa dáadáa. Ó jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì yẹ káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wò. Méjì ni kò pé. Ọ̀kan ni ti Ìyá Àgbà. Ìkejì ni ti ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ onídìrí. Ọmọ náà kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Alábẹ̀wò ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ìpín kẹrin òfin fún wa, pé lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn méjèèjì dúró sílé.

4. Onídìrí lọ ka ìpín keje. Ìpín keje ní kí òbí tí àjẹsára kò bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu fọwọ́ sí ìwé kan, kí ọmọ rẹ̀ sì máa wọlé lọ. Ó lọ sí ọ́fíìsì yín láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Kí àwọn ọmọ tó jẹun ọ̀sán, ó ti padà dé pẹ̀lú ìwé olóǹtẹ̀ pupa.

5. Bíríkìlà tẹ̀ lé ìpín kẹsàn-án, èyí tó wà fún ọmọ tí àìsàn kò jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ ni. Ní fèrèsé kìíní, wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé ni fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ àwọn wà fún, kí á lọ sí fèrèsé kẹrin. Ní fèrèsé kẹrin, wọ́n ní wọn kò tíì tẹ ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kí á lọ bá ọ́fíìsì tó fún mi ní ìwé àṣẹ. Àwọn yẹn ní ọ̀rọ̀ àìsàn kọ́ ni tàwọn, kí á padà sí fèrèsé kìíní. A padà. Àánú wa ṣe akọ̀wé tó wà níbẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kúkú gba ti ìpín keje. Ẹ ṣáà ti kọ ọ́ pé ẹ ò gbà á gbọ́. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

6. Bíríkìlà gbé ọwọ́ lé etí fèrèsé. Símẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èèyi ló pa á. Ojú mi ló ṣe. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ọjọ́ tí ọmọ mi máa lè gba abẹ́rẹ́ yẹn tètè dé. Ẹ wá ní kí n kọ ọ́ pé n ò gbà á gbọ́?" Bíríkìlà yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́?" Mo ṣí ìwé òfin, mo tún un kà létí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kò fọwọ́ sí i.

7. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, mo kó aṣọ ìpààrọ̀ Ìyá Àgbà, bàtà rẹ̀ àti ife rẹ̀ sínú àpò, mo fa ọmọ náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ọmọ náà bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Ta ló wá ṣe é?" Láti ọjọ́ náà, ibi iṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbé e lọ. Mo lọ wò ó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Orí búlọ́ọ̀kù ló ń jókòó sí, eruku bo orí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irun, àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè káàdì wọn sì ń wúkọ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ṣé ibẹ̀ ni òfin fẹ́ kó wà?

8. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ti onídìrí, kí n má baà bà á jẹ́ lójú yín. Ọmọ rẹ̀ ló bá Ìyá Àgbà ṣọ̀rẹ́ jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọkùnrin náà kò jẹun dáadáa, ìyá rẹ̀ wá bi mí pé ọ̀rẹ́ ọmọ òun dà. Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn ọmọ ń kó bàtà sí. Nígbà tó yá, ó ní kì í ṣe ìgbàgbọ́ kankan, ẹ̀rù ló ń ba òun. Pé ara àkọ́bí òun gbóná fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún òun. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ dá gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lóhùn. Ọmọ gba ti èèyi àti òmíràn, ó ké, wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó dákẹ́. Ọjọ́ àwọn tó kù ti wà nínú káàdì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fa ìwé olóǹtẹ̀ pupa náà ya kí a tó délé.

9. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ló wá dà mí lọ́kàn rú jù. Gbogbo ọmọ mẹ́tàlá tó kù ló ti gba abẹ́rẹ́ èèyi. Kò sí yàrá mìíràn ní àdúgbò yìí tó dára fún Ìyá Àgbà tó tèmi, yàrá yìí gan-an ni òfin sì ní kó má wọ̀. Ká ní bàbá rẹ̀ purọ́ ni, ọmọ náà ì bá má kúrò níbẹ̀ rárá. Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí yín. Èsì àkọ́kọ́ sọ pé lẹ́tà dókítà ti tó. Èsì kejì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹni kan náà ló fọwọ́ sí i, ó ní kò tó. Mo so ẹ̀dà méjèèjì mọ́ lẹ́tà yìí. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo ń wo ọ̀kan, mo ń wo èkejì. N kò mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn.

10. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù ìpín kẹsàn-án fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Bí ìyẹn bá máa pẹ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà dókítà dúró fún un títí fọ́ọ̀mù yóò fi dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tó máa yé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà.

11. Ohun kan kù tó yẹ kí n fẹnu ara mi sọ. Láti Ọjọ́ Ajé tó kọjá, Ìyá Àgbà ti padà sọ́dọ̀ mi. Dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i, gbogbo òbí sì gbà. Èsì yín àkọ́kọ́ ni mo tẹ̀ lé. Bí mo bá ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Bí ẹ bá ní kí alábẹ̀wò wá gba ìwé àṣẹ mi, n kò ní tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ kàn bá mi sọ fún un pé kó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó tó wọlé. Bí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe é, kó dúró síta. Èmi fúnra mi ni màá mú ìwé náà jáde wá bá a.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì kan ṣoṣo,

Mọ́mì Ìsàlẹ̀, bí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ mí sí,
Olùdásílẹ̀ àti Olùtọ́jú Àgbà.