Àkùrọ̀ Bàbá Wa àti Yúríà Bọ̀ọ̀dá Mi

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kejìlá, 2025

"Ilẹ̀ tí kò bá jẹ yúríà, òkú ilẹ̀ ni." Báyìí ni Bọ̀ọ̀dá Alfred, àkọ́bí wa, àwọn tí wọ́n ti ń jókòó sí ọ́fíìsì n'Íbàdàn láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú, wí lónìí lórí àkùrọ̀ bàbá wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ìran tó ń bọ̀ má baà pàdánù rẹ̀.

Aláṣẹ ni mo ń pè wọ́n — nínú ìwé yìí nìkan o.

Nílé wa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ ba ilẹ̀ bí a bá ti gbìn tán. Ẹ̀kúnwọ́ eérú kan, àdúrà kan, ó parí. Tọdún yìí, odidi àpò yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó, ni. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ dúdú nìyí, ewé àti koríko tó ti ń jẹrà láti ayébáyé. Ajílẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Bí tòmátò bá tún rí yúríà, ewé lásán ni yóò máa yọ." Wọ́n ní, "Dinah, ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Wọ́n da á kárí, àfi igun ìsàlẹ̀ létí odò. Bàtà funfun wọn ò wọ ẹrọ̀fọ̀.

Àṣẹ kejì: bí tòmátò ò bá so dáadáa kí Oṣù Kejì tó parí, àwọn tó fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja ni wọn ó gbé ilẹ̀ náà fún. Ibi tí mo ti ń rí jẹ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà!

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kìn-ín-ní

Ewé. Ewé. Ewé.

Ẹtì, 6 Oṣù Kejì

Òdòdó ń rẹ̀ dànù. Igi tòmátò ga dé àyà mi, ó dúdú minimini — kò sí ẹyọ èso kan. Wàsílátù tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dúró, ó wò ó títí. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ máa sìn ni?"

Mo fóònù Aláṣẹ. Wọ́n ní ó jọ pé yúríà náà kéré.

Kéré!

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejì

Tòmátò ti pọ́n. Igun ẹrọ̀fọ̀ nìkan.

Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kejì

Ìpàdé ẹbí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò igun náà síwájú Aláṣẹ. Èrò mi ni pé wọn ó béèrè ibi tó ti wá, n ó sì mú wọn débẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n gé ọ̀kan jẹ, omi rẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n wọn. "Ẹ ò rí nǹkan! Ṣé mo sọ fún yín? Yúríà!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lóko. Wọ́n ní oòrùn ti mú.

Kò sí adágún ẹja mọ́. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. "Dinah, o ò dúpẹ́?"

Mo dúpẹ́.

Bí mo bá sọ pé yúríà wọn ló ba ìyókù jẹ́, ìbínú yóò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì dákẹ́, àpò rẹpẹtẹ ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n láwọn ò ní fi igun kankan sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ra bàtà òjò.

Ta ni yóò sọ fún wọn?