Ìrìn Tí Abẹ̀bẹ̀ Rìn

Bàbá mi àtàtà,

Aago yín tó ń ka ìṣísẹ̀ ti di tèmi báyìí. Màmá ló yọ ọ́ fún mi nínú ẹrù yín lẹ́yìn ìsìnkú, mo sì gbà á, torí èmi náà ni mo rà á nígbà tí dókítà ní kí ẹ máa rìn lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ rántí pé mo so ó mọ́ fóònù mi, kí n lè máa rí iye ìṣísẹ̀ yín láti ọ́fíìsì mi ní Ring Road.

Mo máa ń wò ó nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo máa ń fi í yangàn níbi iṣẹ́ pé bàbá mi ń rìn yí Bódìjà ká. Nígbà tí mo ti ń rí i pé ẹ ń rìn, mi ò yà lọ́dọ̀ yín bó ṣe yẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀ iwájú àdúgbò yín ni takisí mi ń gbà kọjá lọ sílé mi ní Agbowó lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wá kí Màmá. Wọ́n ti mú iná lọ, ooru mú. Mo jókòó sórí àga yín ní fàráńdà, mo fi ọwọ́ tí mo wọ aago sí mú abẹ̀bẹ̀ yín, mo ń fi fẹ́ ara mi. Ìgbà tí mo máa wo aago, ó ti fi ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀ kún iye tèmi. Mi ò sì dìde o. Mo dá abẹ̀bẹ̀ dúró, iye náà dúró. Mo tún fẹ́ ẹ, ó tún ń gòkè.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Ẹ̀yin tiẹ̀ fi ìjókòó rin ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa ń wọ aago náà sí, tí a máa ń fi bá yín ṣẹ̀fẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà lẹ fi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ ni aago ń kà, Bàbá? Àbí orúnkún ló ń dùn yín, tí ẹ ò fẹ́ kí n máa dààmú? Kí ló dé tí n kò kàn bi yín?

Mo bi Màmá. Wọ́n ní, “Ìwọ náà, ṣé o ò mọ bàbá ẹ ni?” Wọ́n sì ń bá ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lọ.

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ti ń ru. Nítorí náà, mo ń sọ̀kalẹ̀ ní Bódìjà nírọ̀lẹ́, mo ń yà kí Màmá, mo sì ń fẹsẹ̀ rin ìyókù dé Agbowó. Mò ń sùn dáadáa. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, mi ò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí mo bá dé fàráńdà, mo máa ń bọ́ aago kí n tó mú abẹ̀bẹ̀. Màmá ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì yọ orúkọ yín kúrò lára aago náà lórí fóònù. Lánàá, ó ní Bàbá rin ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Kò sí abẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti ń yà nílé.