Àwọn Mọ́tò Kékeré Tí Mo Tú Nínú Páálí

Bàbá wọn,

A dúpẹ́, ara wa le. Ọmọ yín ní òun gba ìsinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́. Àwọn mọ́tò kékeré onírin tó ń kó jọ ti kún ògiri ilé rẹ̀ níbí. Àṣé wọn kì í tú wọn nínú páálí. Bí wọ́n bá ti tú u, iyì rẹ̀ lọ nìyẹn. Èmi ò mọ̀. Lánàá mo tú mẹ́fà, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sójú fèrèsé bí aṣọ.

Ọmọ tó máa ń torí ẹyọ kan lu àbúrò rẹ̀ ní kékeré wò wọ́n, ó ní, “Kò burú, Màámi. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ tọrẹ.”

Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá rí oorun sùn. Bó bá ti wọ balùwẹ̀ báyìí, mo máa ń bi í ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà, kó lè dá mi lóhùn.

Ẹ má dààmú o. Ẹ ṣáà pè é, kẹ́ ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe yín. Mo kí àbúrò rẹ̀.