Àgúnmu Ọ̀gá Ewé

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ara mi le bí òkúta. Ojú mi tí o ní ó pọ́n rúsúrúsú nínú fọ́tò yẹn, iná ilé ìfọṣọ wa ló fà á.

Nítorí kòkòrò tó ń bá ẹ̀dọ̀ mi jà, mo ti gba àgúnmu tí o ní kí n gbà lọ́wọ́ Ọ̀gá Ewé, ọkùnrin tó ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wa. Ó ní ó ń wo ẹ̀dọ̀, ó ń wo àgàn, ó tún ń lé àlá burúkú. Ewé wo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta? Èmi gan-an, méjì ni mò ń ṣe.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ pa oògùn ọsibítù tì ná. Wọn kì í bára wọn gbé. Àrùn yìí náà ló ṣe mí, àgúnmu yìí ló wò mí sàn."

Mo gbé ìgò àgúnmu náà sójú fèrèsé, mò ń wò ó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ gba oògùn mi ní ọsibítù. Ta ni mo bá níwájú mi lórí ìlà? Ọ̀gá Ewé! Ó fa fìlà bojú. Hóró funfun tí wọ́n ń fún mi náà ni nọ́ọ̀sì kà sí i lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé ewé ti tán nínú igbó ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Onírọ́ ẹlẹ́nu gbọọrọ! Mo da àgúnmu rẹ̀ sí ṣáláńgá. Ìgò náà dára, iyọ̀ ni mo rọ sí i.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé mo ti sanra. Bí wọ́n bá bèèrè fọ́tò tuntun, sọ pé fóònù mi ti bàjẹ́.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.