Ẹnì Kan Ń Mí Nínú Mọ́tò Kékeré

Jùwọ́n, ẹnì kan ń mí nínú mọ́tò ẹ. Kì í ṣe èyí tó ò ń wà l'Ékòó o, kékeré tí bàbá ẹ fi rọ́bà ṣe ni mò ń wí, èyí tí ò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i báyìí ni. Mo ṣí abọ́ tí wọ́n fi bò ó kúrò kí n lè gbá abẹ́ tábìlì, mo wò ó, gbogbo gíláàsì ẹ̀ ti funfun, bí ìgbà téèyàn ti wíńdò pa nínú òjò tó wá ń mí síbẹ̀. Àná ó mọ́ kedere. Mo fi etí ìró mi nù ún, kò lọ. Ta ló ń mí? Ìwọ nìkan ni wọ́n fi sínú ẹ̀.

Má bínú, ọkọ mi, mi ò tíì kí ẹ. Ẹ̀rù ló ṣáájú ìkíni. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ẹ le, ṣé ò ń jẹun kó o tó jáde? Ọ̀nà ò ní dá ẹ dúró, ẹlẹ́sẹ̀ ò ní kọ lù ẹ́, ìwọ náà ò ní kọ lu ẹlẹ́sẹ̀, ibi tó o bá ti jáde layọ̀ lo máa padà sí. Treasure àbúrò ẹ kí ẹ, ó ti ń dì mọ́ ògiri dìde. Ilẹ̀ tá a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé wa n'Íjù, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tún ti rà á, wọ́n ti ri òpó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọrin kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Má wo bí mo ṣe kọ ọ́, o mọ̀ pé ibi tí ìwé mi mọ kò jìnnà, nítorí ìwọ ni mo fi kúrò nílé ìwé nígbà yẹn, mo ṣì kéré. Mi ò kábàámọ̀ ẹ.

Mo ti ń pè ẹ́ láti àná. Obìnrin kan ló ń gbé fóònù ẹ. Ó ní a ò lè rí ẹ báyìí. Ohùn ẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń kéde òkú. Mo ní màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni ìyá ẹ̀, níbo ló wà? Ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́, kò fi nǹkan kan kún un. Mo sunkún sí i létí, kò tilẹ̀ ní ó mà ṣe o. Obìnrin tó gbọ́ ẹkún ìyá tí ohùn ẹ̀ ò yí, mo fẹ́ mọ irú ibi tó jókòó sí.

Jẹ́ kí n tò ó fún ẹ kó lè yé ẹ. Látìgbà tí wọ́n ti dá bàbá ẹ dúró níléeṣẹ́ rọ́bà ní Sàǹgó, ọwọ́ wọn ò lè dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni pásítọ̀ wa sọ pé kí olúkúlùkù mú àwòrán ohun tó ń tọrọ wá, ká gbé e sókè ká gbàdúrà sí i, torí Ọlọ́run ò fẹ́ àdúrà tí ò lójú tí ò nímú. Wọ́n ní ẹni tó bá ní mọ́tò ṣáá lòun fẹ́, ṣé ó mọ̀ pé ọmọlanke náà ń yí lórí táyà? Kó sọ irú ẹ̀, kó sọ àwọ̀ ẹ̀. Màmá Jabez tó jẹ́ olórí àwa obìnrin wá ní bébà ò dáa tó, pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run máa rí. Ni bàbá ẹ bá lọ ṣa rọ́bà tí wọ́n dà sẹ́yìn iléeṣẹ́, wọ́n gé e, wọ́n fi iná àbẹ́là tẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣe mọ́tò kékeré fún Màmá Jabez. Ó ní síteárìn, ó ní ìjókòó, kódà ó ní ibi tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀pù sí. Ṣọ́ọ̀ṣì pariwo. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún ẹ.

Ká ní ó mọ níbẹ̀ ni. Àmọ́ ọwọ́ kan wà nínú fóònù bàbá ẹ.

Ọwọ́ òyìnbó ni. Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, ọwọ́ méjì péré ló máa ń yọ sí wa, á máa kun mọ́tò kékeré, á máa sọ̀rọ̀. Mo bi bàbá ẹ pé orí ẹ̀ ńkọ́, wọ́n ní orí ẹ̀ wà lókè. Mo yẹ òkè fóònù wò, mi ò rí nǹkan kan àfi ibi tó ti sán. Wọ́n ní obìnrin yìí, ṣé orí ni wọ́n fi ń kun mọ́tò ni? Àmọ́ látọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ fún Treasure lọ́mú, mo máa ń da fóònù yẹn dojú bolẹ̀, torí mi ò mọ ibi tí ojú ẹ̀ wà. Mo ti kí i rí, mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ó kàn ń báṣẹ́ lọ.

Ọwọ́ yìí ló sọ pé mọ́tò kékeré tó bá ń dán gbinrin, irọ́ ni, ojú èèyàn ò ní gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n kùn ún bíi pé ó ti dógùn-ún, kí wọ́n fi ẹrẹ̀ sí táyà, kí wọ́n ha ilẹ̀kùn ẹ̀. Bàbá ẹ gbà á bí ẹni gba oògùn. Wọ́n lọ bu ẹrẹ̀ ojú títì Ìjù gangan wá, wọ́n yan án gbẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi, wọ́n ní ọwọ́ yẹn ló ní kí wọ́n yan án kí kòkòrò inú ẹ̀ kú. Títí dòní ọbẹ̀ mi ń rùn bí ọjọ́ òjò. Fàlílù tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá títì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní bàbá Jùwọ́n, àwọn èèyàn ń bẹ èmi kí n yọ ìdógùn-ún kúrò lára mọ́tò wọn, ẹ̀yin ń jókòó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, ṣé kò sí nǹkan?

Bàbá ẹ gba mọ́tò kékeré Màmá Jabez padà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha ilẹ̀kùn òsì, láti ibi tí wọ́n ti ń fà á ṣí títí dé ẹ̀yìn, bí ìgbà tí ológbò ya á. Màmá Jabez gbé e sókè bẹ́ẹ̀, ó gbàdúrà. Kò pẹ́, mọ́tò ẹ̀ dé láti Kùtọ́nù. A lọ bá a yọ̀. Jùwọ́n, mo wo ilẹ̀kùn òsì. Láti ibi tí wọ́n ti ń fà á ṣí títí dé ẹ̀yìn. Àwọn tó kù ń jó, èmi dúró ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo sọ fún bàbá ẹ, wọ́n ní mọ́tò Kùtọ́nù wo ni kò ní àpá?

Ó kan Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan tó ń wa ọkọ̀ fún àwọn tíṣà yunifásítì. Ọwọ́ yẹn ti sọ pé táyà gidi kì í rí roboto nísàlẹ̀, pé ẹrù mọ́tò ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bàbá ẹ fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ táyà jíìpù kékeré tí wọ́n ṣe fún Ọláníyan, gbogbo ẹ̀. Jíìpù dé, a ṣe ìdúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo táyà ẹ̀ ti balẹ̀, ó jókòó bí ẹran tó rẹ̀. Fọganáísà rì wọ́n sómi, kò rí ihò kankan.

Ṣé o rò pé ẹ̀rù ba àwọn èèyàn? Rárá o. Wọ́n ní ọwọ́ bàbá ẹ ní òróró. Arákùnrin Ṣótúndé nìkan ló yọ́ wá, ó ní bàbá Jùwọ́n, ẹ ṣàánú mi, ẹ má ha tèmi, ẹ kùn ún kó dán. Bàbá ẹ ní tó bá dán, Ọlọ́run á mọ̀ pé rọ́bà ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n yíjú sí tìẹ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń wa mọ́tò onímọ́tò káàkiri Èkó, kí àwọn ṣe é, kí àwọn gbàdúrà sí i, kó di tìẹ. Ohun rere ló wà lọ́kàn wọn, ọmọ mi, má bínú sí wọn. Wọ́n fi fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ ṣe é, Kòrólà yẹn gan-an, nọ́ńbà ẹ̀ pé, ìwé tó o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n wá mú fọ́tò pélébé tó o yà fún ìdánwò, wọ́n fi bíléèdì gé e, orí àti èjìká, wọ́n gbé ẹ jókòó sídìí síteárìn. Mo ní ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ẹ ò lè mú gbogbo ẹ̀wù ẹ̀ mọ́ ọn ni, kí bíléèdì má gba ọrùn ẹ̀ kọjá? Wọ́n ní àyè ò tó. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ilẹ̀kùn pa.

Àná ni ọwọ́ yẹn wá sọ pé ẹni tó bá mọṣẹ́ dójú àmì, mọ́tò tó ti ní jàǹbá ni kó ṣe. Jùwọ́n, mo di ọwọ́ bàbá ẹ mú. Mo ní kí wọ́n wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, pé tí àwọn bá ṣe é dójú ẹ̀, àwọn ilé ìwé ńlá máa rà á. Wọ́n fi àbẹ́là yọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, apá ibi tó o jókòó sí. Ó dún wẹ́rẹ́, bí eegun ẹyẹ tó ṣẹ́. Látìgbà yẹn ni obìnrin yẹn ti ń gbé fóònù ẹ. Wọ́n wá fi súpágúlù lẹ gíláàsì, wọ́n ní ọwọ́ yẹn ló ní òun ló yá jù, wọ́n dé abọ́ lé e. Tí wọ́n bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi sán gíláàsì iwájú. Mo ti kó gbogbo abẹ́rẹ́ ilé sínú gààrí.

Mo dá ìwé kíkọ dúró díẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Fàlílù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èéfín súpágúlù ló ń ṣe gíláàsì bẹ́ẹ̀, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Mo ní ó dáa, gbé e dání kó o wò ó dáadáa. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ òun dọ̀tí. Fàlílù tí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́ rí.

Kí ni kí n ṣe sí i? Mo fẹ́ sọ ọ́ sódò, mo rántí pé o ò mọ̀wẹ̀. Mo fẹ́ jó o, ọwọ́ mi ò gbé ìṣáná. Mo fẹ́ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣókùnkùn, ojú ọ̀nà ẹ á ṣú. Orí itan mi ló wà báyìí, Treasure wà lẹ́yìn mi, mi ò jẹ́ kó sún mọ́ ọn, o mọ̀ pé gbogbo nǹkan ló ń fi sẹ́nu.

O mọ̀ pé tí mo bá kọ̀wé sí ẹ, owó ló máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tòní kì í ṣe owó. Owó oúnjẹ tó o fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá. Má gbé mọ́tò yẹn o. Bọ́ọ̀sì tó kún ni kó o wọ̀, kó o jókòó sáàárín èrò, bàbá ẹ ò lè fi rọ́bà ṣe gbogbo wọn. Naimat ará ilé wa ló máa mú lẹ́tà yìí wá bá ẹ l'Ágége, ó ń lọ rajà, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè mí pé ìyá Jùwọ́n, ṣé Bíbélì lẹ̀ ń kọ ni? Ọlọ́run tó fi ẹ́ fún mi nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọ, kò ní gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyá.

Jùwọ́n, mo ní kí Naimat dúró díẹ̀ sí i. Mo rántí òróró tí pásítọ̀ gbàdúrà sí, mo fi ìka tọ́ ọ sí gíláàsì iwájú, mo rọra ń pa á. Ó lọ. Ó mọ́. Ìta ni èémí yẹn wà. Kì í ṣe ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ń mí. Ẹni tó wà níta ni, ẹni tó gbé ojú lé gíláàsì tó ń wo inú.

Èmi náà wo inú. Síteárìn wà. Ìjókòó wà. O ò sí níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ò ṣí, mo fi èékánná gbìyànjú ẹ̀, gọ́ọ̀mù ti dì í pa. Mi ò jẹ́ mì í, bóyá abẹ́ ìjókòó lo ṣubú sí. Jùwọ́n, ta ló sọ̀ ẹ́ kalẹ̀? Tó bá jẹ́ pé fúnra ẹ lo sọ̀ kalẹ̀, o ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun, má padà wọ̀ ọ́. Mò ń gbọ́ ohùn bàbá ẹ lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí Naimat. Máa bọ̀. Tí ò bá sí bọ́ọ̀sì, fẹsẹ̀ rìn. Wá nísinsìnyí, wá dúró níwájú mi kí n fọwọ́ kan ojú ẹ. Jọ̀ọ́, ọkọ mi, wá.