Ìyá Mi, Ẹ Má Wá Kúnlẹ̀ fún Ẹni Tí Ọmọ Yín Yọ Nínú Iná

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Àṣàbí yín ló kúnlẹ̀ kí yín láti Parakou. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé. Ọjà Arzèkè ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ́ wa létè, eruku sì bo gbogbo aṣọ tí mo pàtẹ. Kí Adéòtí àbúrò mi tó dé sọ́dọ̀ mi, n kò rí ẹni bá sọ èdè Ṣábẹ̀ nínú ilé.

Mo gbọ́ pé ẹ ń múra àtiwá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá sójà tó wa bàálù tí Adéòtí wà nínú rẹ̀ lójú ogun. Rédíò ní nígbà tí wọ́n yìnbọn lu bàálù náà tó já lulẹ̀, ọ̀gá yìí ló kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú iná. Irọ́ ni, ìyá mi. Ẹ dákun, ẹ jókòó. Gbangba ni wọ́n ti pa irọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba.

Sabi, ọmọ Bàrùbá tí wọ́n jọ wà nínú bàálù, ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Adéòtí, mẹkáníìkì wọn, ló gbá ọ̀gá náà lọ́rùn aṣọ mú, tó wọ́ ọ jáde. Ọ̀gá ń ké pe ìyá rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kanlẹ̀ ló sá wọgbó, kò wẹ̀yìn wò. Adéòtí padà wọnú iná lọ gbé Sabi, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi mẹ́dáì sí wọn láyà, Adéòtí àti ọ̀gá ni wọ́n pè ní akọni, ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló sọ̀rọ̀, ó ní òun ló yọ wọ́n. Ojo lásánlàsàn!

Mo ti mọ gbogbo èyí kí iṣu ọpẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà tó dé. Mo ṣáà gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Albarika, kí n lè wo ojú rẹ̀. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí ọmọ yín tó yọ òun. Ìyá mi, aláìnítìjú yìí ná ẹsẹ̀ sórí àga, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀, ó ní kò tọ́pẹ́, pé ohun tí ọ̀gá gidi máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní kí ìyàwó òun kó iṣu wọlé! Mo gba iṣu lọ́wọ́ obìnrin náà, mo ní iṣu náà ṣìnà ni, mo gbé e rù padà sílé mi ní Titirou. Ọ̀gá bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní ó pé ju tirẹ̀ lọ.

Adéòtí bínú sí mi gan-an. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, pé bí ẹ bá gbọ́ òótọ́, ẹ ó béèrè ohun tí iná fi òun ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló jóná, ìyá mi. Kò fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Bí ẹ bá wọkọ̀, Titirou ni kí ẹ sọ̀ sí. Ọmọ yín ò tíì lè bu òkèlè. Èmi ni mò ń bọ́ ọ, ojú sì ń tì í. Lánàá ó yíjú sí ògiri, ó ní ká ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ òun ni, òun ìbá yó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, á sì ṣọ́ yín dé ọ̀dọ̀ Adéòtí. Ẹ kí tẹbí tará fún wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàbí